Àpótí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó há sí Kútọnu

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mẹ́rin ni Bàbá agbẹ́gilére kan gbẹ́ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fún ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní ilẹ̀ Faransé. Igi ìrẹ ni wọ́n lò, nítorí ó fúyẹ́ lórí ẹni tó máa gbé e jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ń lọ. Obìnrin tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ti san ìdajì owó, ó sì ti tẹ ọjọ́ ìpàtẹ sínú ìwé ìpè. Bàlúù tó yẹ kó gbé ẹrù náà gbéra ní pápákọ̀ Cadjèhoun ní Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àpótí kò bá a lọ. Nígbà tí ọmọ Bàbá máa fi dé ilé ìkẹ́rùsí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ọgbà wáyà, wọ́n ti lẹ bébà pupa mọ́ ọn lára, wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni láti bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké to ìwé tí transitaire, ìyẹn aṣojú tó ń bá aṣọ́bodè parí ọ̀rọ̀ ẹrù, máa fi gbé ẹrù wọn kọjá. Bàbá àti ọmọ wọn gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí ọmọ Bàbá kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá wa béèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà." Ó dá a lójú pé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo ní kó ya àwòrán gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ná.

Ohun tó wà nínú ìwé

Ìwé méjì ló fi ránṣẹ́. Èkíní ni facture, ìwé owó ọjà, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ: « objets d'art divers, 4 », ìyẹn oríṣiríṣi ohun ọnà, mẹ́rin. Èkejì ni ẹ̀dà LTA, ìyẹn ìwé ẹrù bàlúù, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń jẹ́ olójú mọ́kànlá: mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ bàlúù, mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti ẹrù náà. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé ẹrù, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: « artisanat », iṣẹ́ ọwọ́. Níbi àdírẹ́sì ẹni tó máa gbà á, orúkọ obìnrin náà àti orúkọ ìlú rẹ̀. Kò sí òpópónà, kò sí nọ́ńbà ilé. Níbi ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ Bàbá, « Kétou, Bénin », àti nọ́ńbà fóònù kan tí kì í ṣe ti Bàbá, tí kì í sì í ṣe ti ọmọ wọn. Nọ́ńbà awakọ̀ tó gbé àpótí náà láti Kétu wá sí Kútọnu ni.

Nígbà kan, irú ìwé báyìí ń kọjá. Àwọn àgbà transitaire ṣì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ayé dáradára: o kọ « artisanat », o wọn ẹrù, o sanwó, ó di Paris. Ohun tó yí i padà ni pé ẹrù tó ń lọ sí Yúróòpù báyìí, ìwé rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń fi bàlúù kó ẹrù wọ ilẹ̀ wọn pé kí àlàyé ẹrù dé inú kọ̀ǹpútà àwọn aṣọ́bodè wọn, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní ICS2, kí ẹrù náà tó wọ inú bàlúù rárá. Orúkọ àti àdírẹ́sì kíkún ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì kíkún ẹni tó ń gbà á, iye àpótí, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ìwé rẹ̀, àti ohun tó jẹ́ gan-an. Nínú ìkéde kíkún, wọ́n tún fẹ́ kóòdù aṣọ́bodè olójú mẹ́fà.

Kọ̀ǹpútà wọn á wá dáhùn. Ó lè ní kí ẹrù máa bọ̀. Ó lè ní kí wọ́n ṣàlàyé sí i, ó lè ní kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, ó sì lè ní kí wọ́n má gbé e sínú bàlúù rárá. « Artisanat » kò sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀rọ̀ bí « divers » (oríṣiríṣi), « cadeaux » (ẹ̀bùn) àti « effets personnels » (ohun ìlò ara ẹni) kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohunkóhun lè wà lábẹ́ wọn. Èsì tó wá fún àpótí Bàbá ni pé kí wọ́n ṣàlàyé sí i.

Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ṣe ohun tó yẹ kó ṣe: ó pe nọ́ńbà tó wà lórí LTA. Awakọ̀ ló gbé e, ó ti ń padà lọ sókè, ó ti kọjá Sakété. Akọ̀wé béèrè ohun tó wà nínú àpótí. Ó dá a lóhùn pé, "Igi ni, ọ̀gá." Akọ̀wé béèrè àdírẹ́sì ẹni tó ń gbà á ní Faransé. Awakọ̀ ní òun kò mọ ìyẹn, kí wọ́n bi ará Kétu tó ni í. Ó sì pa fóònù nítorí pé àwọn agbófinró wà níwájú rẹ̀. Èyí wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn bó ṣe rí: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kò mọ ẹrù, kò mọ ẹni tó ń gbà á. Ibi tí mo ti rí i nìyẹn, n kò sì lè dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi.

Ìṣó tí àwọ̀ wọn kò bára mu

Bí ìwé nìkan bá ni ìṣòro náà, ọjọ́ Ajé yẹn kan náà là bá ti yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́bọ̀ ni ẹni tó ń gba ẹrù wọlé ti ṣàkíyèsí ohun kan lára àpótí náà. Ìṣó funfun tó ń dán ni ọmọ Bàbá fi kan ìdérí rẹ̀ yíká. Ní igun kan, ìṣó dúdú tó ti dípẹtà ló wà níbẹ̀, pákó etí ibẹ̀ sì ti ya díẹ̀.

Mo bi ọmọ Bàbá. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ìṣó dúdú. Mo bi awakọ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kò mọ̀, ó wá ní lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ní kí òun ṣí i kí àwọn wo inú rẹ̀, òun sì fi ìṣó tó wà nínú ọkọ̀ òun kàn án padà. Kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹrù mélòó ni kì í ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ láàrin Kétu àti Àjàṣẹ́?

Lójú òfin ààbò ẹrù bàlúù, kò sí ohun tó burú jùyẹn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù « artisanat » lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹrù tó bá ní àmì pé ẹnìkan ti tú u lẹ́yìn tí ẹni tó ni í ti dì í, ẹrù eléwu ni wọ́n ń kà á sí títí àyẹ̀wò tó le ju ti tẹ́lẹ̀ yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n rí bọ́ǹbù méjì nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Yemen sí Chicago bí ẹrù lásán. Pápákọ̀ East Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí ọ̀kan, Dubai ni wọ́n ti rí èkejì. Inú ike íńkì ẹ̀rọ náà ni wọ́n rọ ẹ̀tù tí wọ́n ń pè ní PETN sí, àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní East Midlands kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gidi ni, ìwé rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹnìkan ló wá fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó sì sanwó, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Bàbá ṣe ṣe.

Láti ìgbà náà ni Yúróòpù kò ti fi ọ̀rọ̀ ààbò sílẹ̀ fún pápákọ̀ tiwọn nìkan mọ́. Wọ́n ti gbé e wá síbi tí ẹrù ti ń gbéra. Ilé iṣẹ́ bàlúù tó bá fẹ́ kó ẹrù láti Kútọnu lọ sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ACC3, àti pé láti oṣù keje ọdún 2014 ni wọ́n ti ń rán ẹni tó máa wá wo iṣẹ́ náà ní ojúkojú kí wọ́n tó fún wọn ní àṣẹ ọ̀hún. Kò ju ọdún 5 lọ kí wọ́n tó tún un ṣe. Òfin tó di gbogbo rẹ̀ mú ni ìlànà Yúróòpù 2015/1998. Òfin àgbáyé tó wà lókè rẹ̀ ni Àfikún 17 ti ICAO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1974.

Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí ẹrù lè gbà di ẹrù tó ní ààbò kò pọ̀. Bóyá ẹni tó fi ránṣẹ́ jẹ́ chargeur connu, ìyẹn ẹni tí wọ́n ti wá wo ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ ẹni tó ń di ẹrù níbẹ̀, tí wọ́n mọ ilẹ̀kùn tó ń gbà jáde, tí wọ́n sì ní ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò. Bóyá ẹrù náà kọjá lọ́wọ́ agent habilité, aṣojú tí ìjọba ti yẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí, kí ẹni yẹn yẹ inú rẹ̀ wò kó sì kọ ìwé ìkéde ààbò fún un. Ilé iṣẹ́ bàlúù fúnra rẹ̀ náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ìwé ìkéde náà ni wọ́n ti ń kọ SPX, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹrù yìí lè bá bàlúù tó gbé èrò lọ. SCO ni wọ́n ń kọ fún èyí tó jẹ́ pé bàlúù akẹ́rù nìkan ló lè gbé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí.

Ẹ wo Bàbá nínú èyí. Abẹ́ igi ọ̀dàn ni ilé iṣẹ́ wọn wà, àwọn ọmọdé ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń wá tayò níbẹ̀. Wọn kò lè di chargeur connu láéláé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rò ó. Òfin yìí kò burú, mo sì ti sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kó ẹrù lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń san iyàtọ̀ náà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ẹrù rẹ̀ bá dé ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹrù àjèjì, tí wọ́n á sì gbowó rẹ̀.

Agolo méjì

Ní ti ẹ̀rọ X-ray, ère mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fún un ní wàhálà púpọ̀, nítorí igi tó fúyẹ́ ni. Ohun tó hàn lábẹ́ wọn ni ohun roboto méjì tí omi wà nínú wọn, àti ohun kan tó ní wáyà. Ẹ fojú inú wo ohun tí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà rí: àlàyé tí kò sọ nǹkan kan, ìdérí tí wọ́n ti tú, omi méjì, àti wáyà. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà á lẹ bébà pupa.

Ohun tó ní wáyà ni sípíkà kékeré kan tí obìnrin náà ní kí wọ́n fi kún un, kó lè máa lu orin Ẹ̀fẹ̀ níbi ìpàtẹ. Batiri lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Òun ni ọmọ Bàbá bẹ̀rù jù nígbà tí mo sọ fún un, nítorí ó ti gbọ́ pé batiri ń gbiná nínú bàlúù. Lóòótọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni batiri lítíọ́ọ̀mù-áyọ́ọ̀nù tó dá wà kò ti gbọdọ̀ bá bàlúù tó gbé èrò lọ bí ẹrù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ju 100 watt-wákàtí lọ, tó jẹ́ ẹyọ kan, lè lọ tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì dì í kó má bàa tan fúnra rẹ̀. Sípíkà náà lọ.

Agolo méjì ni kò lè lọ, ẹnikẹ́ni ní Kétu kò sì ronú kàn wọ́n. Ọ̀dà olóròóró ni ọ̀kan, òróró tí wọ́n fi ń pò ó ni èkejì. Bàbá ló fi wọ́n sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ní ìdí: ọ̀dà máa ń bó nígbà mìíràn lójú ọ̀nà, ẹni tó bá gba ère gbọ́dọ̀ lè tún ojú rẹ̀ kùn. Agbẹ́gilére tó ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀dà yẹn àti òróró rẹ̀, ẹrù eléwu ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni UN 1263, ìsọ̀rí 3, àwọn ohun olómi tó ń tètè gbiná. Ó lè lọ lọ́nà tó bófin mu, tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá dì í, tí àmì rẹ̀ wà lára àpótí, tí ìkéde rẹ̀ sì wà lórí fọ́ọ̀mù tó ní ìlà pupa létí. Owó tí ìyẹn máa ná yóò ra ọgọ́rùn-ún agolo.

Ẹrù eléwu tí wọn kò kéde ni orúkọ tí wọ́n fún un, ilé iṣẹ́ bàlúù sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú létí. Ibi tí ẹ̀rù ti ba ọmọ Bàbá gan-an nìyí, nítorí ó rò pé wọ́n máa ti Bàbá mọ́lé. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lè ṣe é. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, bàlúù ValuJet 592 já sínú irà Everglades ní Florida, èèyàn 110 ló kú. Ohun tó fa iná náà ni àwọn agolo tó ń pèsè afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó dì wọ́n kò ní èrò ibi kankan. Lórí ìwé, wọ́n kọ pé àgolo òfìfo ni. Nítorí irú èyí ni wọ́n fi ń béèrè, kì í ṣe pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa tì mọ́lé. Lẹ́tà àlàyé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Bàbá, tí wọ́n fọwọ́ sí, pẹ̀lú àwòrán agolo méjèèjì. Ó parí síbẹ̀. Agolo náà padà sí Kétu, ọmọ Bàbá ní Bàbá kò bá òun sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi jẹun alẹ́.

(Ọ̀dà tí a ń fi omi pò kì í sábà wà nínú ìsọ̀rí yìí. Obìnrin náà ra irú rẹ̀ ní ìlú tirẹ̀ ní kíá.)

Ìwé tí kò sẹ́ni tó rántí

Nígbà tí a ń tún gbogbo rẹ̀ tò ni aṣọ́bodè béèrè ìwé mìíràn, ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí àjogúnbá àṣà pé iṣẹ́ tuntun ni àwọn ère yìí, pé wọn kò sí lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Ọmọ Bàbá fẹ́ẹ̀ bínú. "Ṣé Bàbá mi kọ́ ló gbẹ́ ẹ lójú gbogbo ayé ni?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n ti aṣọ́bodè náà yé mi pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ohun ìṣúra 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní ààfin Àbọ̀mẹ́ ní ọdún 1892 fi bàlúù padà sí Kútọnu. Gbogbo wa la jáde wò ó. Orílẹ̀-èdè tó ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ère onígi máa bá ẹ̀yìn jáde láìsí ìwé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti wà lórí àkọsílẹ̀ UNESCO láti ọdún 2008, lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní 2001, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí ìyẹn dáàbò bò ni ijó, orin, òru Ẹ̀fẹ̀ àti àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe gbogbo ère tí wọ́n bá gbẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wo àwòrán X-ray, kò sí ìyàtọ̀ láàrin èyí tí Bàbá gbẹ́ lánàá àti èyí tí ó yẹ kó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Àjàṣẹ́.

Yúróòpù náà ti ní tiwọn. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìlànà 2019/880 ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún lórí ohun àṣà tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Fún irú ohun àṣà ìbílẹ̀ báyìí, ó ń mú èyí tó ti ju ọdún 200 lọ tí iye owó rẹ̀ sì tó 18,000 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ère Bàbá kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ẹnu nìkan kọ́ sì la fi ń sọ bẹ́ẹ̀. A ya Bàbá ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń fá ojú ère kan lọ́wọ́, a kọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ìwé náà sì jáde. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Lórí facture tuntun, « objets d'art divers » di « quatre masques de danse guèlèdè, bois sculpté et peint, neufs, fabriqués à Kétou en 2025 » (ère ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mẹ́rin, igi gbígbẹ́ tí wọ́n kùn lọ́dà, tuntun, tí wọ́n ṣe ní Kétu ní 2025), pẹ̀lú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4420, tó jẹ́ ti ère àti ohun ọ̀ṣọ́ onígi. Transitaire tó kọ́kọ́ wò ó fẹ́ fi í sí 9705, ti ohun ìkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí ó rò pé ó máa fi ọlá fún un. Ọlá yẹn ni ì bá mú kí gbogbo ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Owó rẹ̀ ni a kọ ní sẹ́fà àti ní yúrò, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, kó má sí pé ìwé méjì ń ta ko ara wọn.

Pákó tí wọ́n fi kan àpótí náà tún fẹ́ dá a dúró. Pákó tútù tí wọ́n là ní Kétu ni, kò sì ní àmì ISPM 15, tó ń fi hàn pé wọ́n ti fi ooru ìwọ̀n 56°C pa kòkòrò inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Àpótí contreplaqué ni a fi rọ́pò rẹ̀, nítorí òfin náà kò kan pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ooru lẹ̀ pọ̀. Kò tún sí ẹni tó rántí ìṣó dúdú mọ́.

Bí ó ṣe lọ

Ọ̀dọ̀ agent habilité ní Kútọnu ni wọ́n ti di àpótí tuntun náà lójú ọmọ Bàbá. Wọ́n gbé ère kọ̀ọ̀kan kọjá X-ray lọ́tọ̀ kí wọ́n tó kó o sínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ kékeré nu ara rẹ̀ láti wá òórùn ẹ̀tù, wọ́n fi èdìdì onínọ́ńbà sí i, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sórí ìkéde. SPX. Kò tún padà bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀ kankan.

Owó rẹ̀ ni ọmọ Bàbá kò tíì dárí jì wá lé lórí. Àpótí náà wọn kìlógíráàmù 58, ṣùgbọ́n ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 80, ó ga ní 90. Bàlúù ń ta àyè pẹ̀lú: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ pín in sí 6,000, ó di kìlógíráàmù 144. Ìyẹn ni wọ́n gbowó lé. Ẹ fi owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́, owó àyẹ̀wò kejì, owó ibi tí ẹrù sùn sí, àti àpótí tuntun kún un. Obìnrin náà san ìdajì nínú àfikún. Awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀ láti san nǹkan kan, ó ní àwọn tó ní kí òun ṣí i ni kí wọ́n lọ bá. Ìmọ̀ràn tí mo fún àwọn agbẹ́gilére Kétu ni pé kí wọ́n máa kó iṣẹ́ wọn jọ sọ́dọ̀ agent habilité kan ṣoṣo, kí mẹ́rin-márùn-ún pín owó àyẹ̀wò kan. Àwọn méjì ti gbà. Bàbá ní àwọn kò lè kó ère àwọn pọ̀ mọ́ ti ẹni tí àwọn mọ bó ṣe ń gbẹ́gi.

Ẹrù náà dé ṣáájú ọjọ́ ìpàtẹ, ẹnu ẹyẹ tó wà lórí ọ̀kan sì ti kán. Ibi tó ti kán kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Obìnrin náà kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ bàlúù lọ́jọ́ kejì, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 kò fún ẹni tó gba ẹrù tó bàjẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ láti kọ̀wé. Lórí LTA, níbi iye owó ẹrù, NVD ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé wọn kò kéde iye kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà pé àwọn ló jẹ̀bi, ìwọ̀n ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀, 26 SDR (owó ìṣirò àjọ IMF) lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan láti òpin ọdún 2024, kì í ṣe iye tí ọwọ́ Bàbá tó. Wọ́n sì lè sọ pé bí wọ́n ṣe di àpótí náà ló fà á. Èsì tó ti wá títí di ìsinsìnyí ni pé àwọn ti gba lẹ́tà.

Obìnrin náà fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ẹyẹ náà padà, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá wò ó pẹ́ lórí fóònù ọmọ wọn, wọ́n ní ó lẹ̀ ẹ́ ní ìdojúdé. Ìdajì owó tó kù ti wọlé.